Ẹgbẹ̀fà Dínà Ẹgbèje: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Orúkọ Ènìyàn Kí Ìràwọ̀ Márùn-ún Tó Dé

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Láti kékeré la ti ń gbọ́ òwe yìí, ọ̀pọ̀ wa ló sì rò pé ìkìlọ̀ lásán ni fún ẹni tí kì í san gbèsè. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo iye tó wà nínú rẹ̀. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Ẹgbẹ̀fà jẹ́ ọgbọ̀n okùn, ẹgbèje jẹ́ okùn márùndínlógójì. Okùn márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò sọ pé ẹni tó jẹ gbèsè kékeré kò ní rí odindi ọ̀kẹ́ kan yá. Ohun tó sọ ni pé kò ní rí èyí tó fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ní àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan la fi ń gùn ún, ẹni tó bá sì já bọ́ ní ìpele kan kò ní dé èyí tó tẹ̀ lé e.

Lónìí, bí awakọ̀ bá gbé wa délé tán, fóònù á ní ká fún un ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Òun náà ń fún wa ní tiwa. Bí a bá yá owó lórí fóònù, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá wa. Bí a bá san án lásìkò, wọ́n á fi díẹ̀ kún un nígbà mìíràn. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àrà tuntun ni. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé ẹgbẹ̀fà àti ẹgbèje nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ wò níbí ni ẹni tó ń díwọ̀n orúkọ ènìyàn nígbà náà, ibi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n náà sí nígbà tí kò sí ìwé, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ bí ó bá burú.

Ẹ mú ìlú Ìrèsì, ibi tí àwọn kan nínú wa ti wá. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láàárín àwọn òkè, Arèsì sì ni oyè ọba ibẹ̀. Ìgbàjọ àti Ọ̀tan Ayégbajú ni aládùúgbò rẹ̀. Ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ìlá Ọ̀ràngún wà lọ́nà kan, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lọ́nà kejì. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí o bá dárúkọ ara rẹ fún àgbàlagbà, kò tíì tó. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé, “Ọmọ ilé wo ni ọ́?” Agbo ilé ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Bí bàbá rẹ bá ti san gbèsè rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìwọ náà ti ní nǹkan lápò kí o tó bẹ̀rẹ̀ òwò. Bí àbúrò bàbá rẹ bá jẹ́ ajigbèsè, o ti jẹ nínú rẹ̀. (Ẹ kíyè sí i pé èdè wa ya onígbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára ajigbèsè. Kò sí ẹni tí kò lè di onígbèsè. Ìwà ni ajigbèsè.)

Àlejò wá ńkọ́, ẹni tí kò ní ilé nílùú? Òun ní láti wá onídùúró. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé tán: ẹni tó dúró. Bí ẹni tó dúró fún bá sá lọ, òun ló máa san, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì fúyẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Torí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bẹ̀ ọ́ lo máa dúró fún. Níbí ni a ti rí ohun tí ìràwọ̀ márùn-ún kò ní: ẹni tó bá gbé ìwọ̀n fún ẹlòmíràn ń fi tirẹ̀ tà.

Èsúsú ni ibi tí èyí ti hàn jù. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n kò tẹ̀ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀: àwọn èèyàn ń dá iye kan náà lásìkò kan náà, wọ́n ní olórí, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá kàn án. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú náírà. Èèyàn ogún, ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó gba 20,000 nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá 1,000. Gbèsè 19,000 ló wà lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹni tó kó kẹ́yìn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òun ló ti ń yá gbogbo wọn lówó láti ọjọ́ yìí wá. Nítorí náà, ipò tí wọ́n to èèyàn sí ni máàkì rẹ̀. Nínú èyí tí àwa fúnra wa ń dá ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tuntun ní í kó kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin, kò sì sẹ́ni tó ń bá wa jiyàn rẹ̀.

Bascom tún sọ ohun kan tó ya wá lẹ́nu. Àwọn èsúsú ńlá wà tí olórí wọn kò mọ gbogbo àwọn tó ń dá a. Wọ́n á pín wọn sí ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á ní olórí tirẹ̀, òun ló mọ àwọn èèyàn rẹ̀, òun ló sì máa dáhùn bí ẹnì kan nínú wọn kò bá san. Báyìí ni àwọn tí kò mọ ara wọn ṣe lè fi owó wọn pọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé ọgbọ́n yìí sọdá òkun, àwọn ará Trinidad ń pè é ní susu títí di òní, àwọn ará Bahamas ń pè é ní asue.

Àjọ tí alájọ ń gbà yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn oníbàárà ló ń díwọ̀n alájọ, nítorí owó wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, ìyókù ni kò gbọdọ̀ ṣìnà. Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa Alájọ Ṣómólú, tí wọ́n ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, tí orí rẹ̀ sì pé tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣi owó ẹnikẹ́ni san láìkọ orúkọ sílẹ̀. Ọkùnrin kan gba àjọ l'Ékòó, orúkọ rẹ̀ sì di ohun tí a fi ń yin ọmọ tó mọ ìwé. Ìràwọ̀ wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán kó máa sọ pé ayé àtijọ́ tura. Johnson náà ló sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí gbèsè bá wá le. Olówó lè tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ láti gba ológò, ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti dógò ti onígbèsè. Ológò á wọ agbo ilé, á fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, á sọ ara rẹ̀ di ìnira fún gbogbo ilé. Á béèrè oúnjẹ, á mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí, ìbáà ṣe ti onígbèsè, ìbáà ṣe ti ẹlòmíràn, onígbèsè ni wọ́n sì máa ka gbogbo rẹ̀ sí lọ́rùn. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ológò fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gba owó náà. Ìyàwó ilé tí wọ́n pa adìẹ rẹ̀, bàbá arúgbó tí kò rí oorun sùn, àwọn ló máa dojú kọ onígbèsè títí tí ẹbí á fi dá owó jọ.

Ìwọ̀fà burú ju ìyẹn lọ. Ẹni tó yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé nìkan, kò dín ojú owó kù rárá. Ọmọ lè wà nínú oko olówó fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ohun tí kò jẹ, tí kò mu. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun tì í, pàápàá láàárín 1920 sí 1940, òun àti kòkó ló sì jọ pa á: nígbà tí igi kòkó ti ń mú owó wọlé, oko kòkó di ohun tí èèyàn lè fi dógò dípò ọmọ. Ilé kan náà tó ń fún ọmọ ní orúkọ rere ló ń fi ọmọ san gbèsè. Apá méjèèjì ni ìwọ̀n náà ní, a kò sì lè mú ọ̀kan ká fi ọ̀kan sílẹ̀.

Kí orúkọ tó lè rìn jìnnà sílé, ọ̀nà gbọ́dọ̀ ṣí. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ibùdó Ìbàdàn wà lápá Ìgbàjọ, ti Èkìtìparapọ̀, tí Ìlá náà wà nínú wọn, wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìrèsì kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni ibùdó tó tú. Ta ni í ta àwìn fún ẹni tí wọ́n lè kó lẹ́rú lọ́la? Lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, aṣọ òyìnbó dé pẹ̀lú rẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù ú láti ìlú dé ìlú, láti ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà títí wọ ilẹ̀ Hausa.

Àwìn ni wọ́n ń ta. Oníbàárà á san díẹ̀, á san ìyókù díẹ̀díẹ̀, iye rẹ̀ á sì ju ti ẹni tó sanwó lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò á dé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní òṣó ni òun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ibẹ̀ ni òṣómàáló ti wá. J. D. Y. Peel kọ púpọ̀ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó jáde ní 1983. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé, bí òṣómàáló ṣe ń díwọ̀n oníbàárà, ta ló máa san, ta ni kò ní san, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà náà ń díwọ̀n rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ìbínú pè é ni máàkì tí wọ́n fún un. Máàkì náà kò sì dúró lára oníṣòwò nìkan, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo Ìjẹ̀ṣà, títí kan ẹni tí kò ta ọ̀pá aṣọ kan rí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà wá ṣe ohun tí a kò tíì rí awakọ̀ kan kó fi ìràwọ̀ méjì ṣe: wọ́n gba orúkọ náà, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìyangàn. Bí ẹ bá pe ọmọ Iléṣà ní òṣómàáló lónìí, ẹ̀rín ló máa rín.

Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, ìwé àti káàdì sì gba ipò ọ̀rọ̀ ẹnu díẹ̀díẹ̀. Bánkì ń fi BVN dá wa mọ̀ láti 2014. Ṣùgbọ́n ológò kò kú. Ó wà nínú fóònù.

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ti ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni náà yá owó lórí fóònù, ọjọ́ pé, owó kò sí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá níbi iṣẹ́, sí ẹni tó ta fíríìjì fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, pé olè ni. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ FCCPC àti àwọn mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan l'Ékòó, ní oṣù kẹjọ ọdún náà wọ́n sì gbé ìlànà jáde fún gbogbo àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù.

Ọgbọ́n ológò gan-an ni: fi ojú àwọn ará ilé rí màbo kí wọ́n lè gba owó fún ọ. Ṣùgbọ́n ìlú ló fún ológò láṣẹ, gbogbo èèyàn rí ojú rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó rán an, bí wọ́n bá sì san owó, ó dìde lọ. Onídùúró náà mọ̀ pé òun dúró. Ẹni tó ta fíríìjì kò dúró fún ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣì ní àyè tí onídùúró ti máa kọ orúkọ rẹ̀, tí á sì buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. Lórí fóònù, àyè kan ṣoṣo ló wà, “Mo gbà”, ẹni tó fẹ́ yá owó nìkan ló sì ń tẹ̀ ẹ́, fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.