Ọdẹ Di Aṣọ́gbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ibese nílẹ̀ Yewa ni mo ti kọ́ òwe yìí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, fìrí náà gan-an, n kò rí i rí.

Ẹni tí ó bá ń wá erin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, sí Igbó Omo nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn sọ ọ́ di igbó ọba. Ní 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé. Erin ṣì ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú, àwọn olóko kòkó àti àwọn ọdẹ ń gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ní 2023, Emmanuel Olabode ni ó ń darí àwọn aṣọ́gbó tí Nigerian Conservation Foundation kó jọ síbẹ̀. Àwọn ọdẹ àtijọ́ wà lára wọn. Ọgbọ́n ńlá ni: ẹni tí ó mọ ipasẹ̀ ẹran láti pa á ni ó mọ ọ̀nà tí a lè gbà dáàbò bò ó.

Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí ọdẹ ni ó ń fi ìjálá ki erin? Bí erin bá tán nínú igbó, ta ni a ó máa kì? Òwe wa pàápàá yóò di ìtàn lásán.

Ire o.