Fíìmù Àdáṣe àti Ìwòran Àdúgbò ní Ìlọrin

Fíìmù àdáṣe ni èyí tí àwọn tó ń ṣe é kò dúró de owó báǹkì, ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara, àṣà yìí ti wà kí fóònù tó dé. Ọ̀dọ̀ àwọn eléré alárìnkiri ló ti ṣẹ̀ wá, àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó òṣèré àti ẹrù láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó ni eré ló ń náwó sí i, òun ló ń ṣe olórí òṣèré, òun náà ló sì ń mójú tó owó ìwọlé. Irinṣẹ́ ti yí padà léraléra láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó ṣe fíìmù ni ẹrù gbígbé e dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ṣì wà.

Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ní Kwara, wà lára àwọn tó gbé àṣà náà wọ inú sinimá. Òun ni olórí òṣèré nínú Àjàní Ògún (1976), tí Ọlá Balógun darí. Lẹ́yìn náà ó gbé Ìjà Òmìnira (1979) àti Kádàrá (1980) jáde. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà náà, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí olè bá da ẹ̀dà kan kọ, èrè ti wọmi. Ìdí nìyí tí onífíìmù fi máa ń bá fíìmù rẹ̀ rìn, láti gbọ̀ngàn ìlú dé ilé-ẹ̀kọ́ àti òtẹ́ẹ̀lì, tí kì í jẹ́ kí ó sùn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) dé ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, owó fíìmù kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣèré. Kámẹ́rà fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n sá bá. Muyideen Àlàdé Àrómirẹ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí, bẹ́ẹ̀ ni sinimá àgbéléwò ṣe gbòde. Ọjà wá kúrò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn máàkẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà, l'Ékòó. Àwọn òṣèré tí orísun wọn jẹ́ Ìlọrin, bí Adébáyọ̀ Sàlámì (Ọ̀gá Bello) àti Saheed Balógun, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ọjà náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni Ìlọrin fi gba díẹ̀ padà nínú ohun tó bọ́ sọ́wọ́ Èkó. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ẹ̀ka iṣẹ́ eré, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Akínwálé, òṣèré tó di olóògbé ní 2020, ti ṣe olùkọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) ní Màlété, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, náà ń kọ́ni ní fíìmù. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ọ̀gá Bello, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin. Agẹṣinkólé tó gbé jáde ní 2022 pa ohun tó lé ní mílíọ̀nù 300 náírà ní ilé sinimá.

Àwọn tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń dá ọgbọ́n. Wọ́n á gbé fóònù kan lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á fi èkejì sínú àpò agbádá òṣèré kí ó lè gba ohùn sílẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró yẹn ni ẹni tó ń to fíìmù máa fi so ohùn mọ́ àwòrán. Aṣọ funfun tí wọ́n na sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń dá ìtànṣán oòrùn padà sójú òṣèré. Tí ládàánì bá pe ìrun, iṣẹ́ á dúró, nítorí ó ṣòro láti yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ òṣèré.

Ọgbọ́n yìí kò mọ sí Ìlọrin. Ní Ìkòròdú, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois ń fi ohun èlò inú ilé sín àwọn fíìmù Amẹ́ríkà jẹ, títí Netflix fi kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Ní Kaduna, fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Critics Company fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù.

Ilé sinimá ìgbàlódé wà ní Kwara Mall, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọkọ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè débẹ̀. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, iwájú ṣọ́ọ̀bù àti ojú fóònù ni ti àdúgbò. Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù tó ni ilé-iṣẹ́ Mainframe, ti dán ọ̀nà mìíràn wò l'Ékòó: ó gbé sinimá alágbèéká lọ bá àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí irú ìwòran bẹ́ẹ̀ ń béèrè kò pọ̀: aṣọ funfun fífẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sí i, gbohùngbohùn, àti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilé kí ariwo rẹ̀ má bo eré mọ́lẹ̀.

Àwàdà kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ Abdulgafar Ahmad, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n ń pè ní Cute Abiola, di gbajúmọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Gómìnà Kwara, AbdulRahman AbdulRazaq, yàn án ní olùrànlọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àtinúdá, ìjọba rẹ̀ kan náà ló sì dáwọ́ lé Sugar Factory Film Studio ní Ìlọrin. Sitúdíò lè yanjú ọ̀rọ̀ àyè, iná àti ohùn. Ní ti ọjà, àwọn tó ń lo fóònù ṣì ń gé eré wọn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, wọ́n ń gbé e sórí YouTube, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ fún ẹbí àti ará lórí WhatsApp kí iye òǹwòran lè ga dé ibi tí owó ìpolówó ti máa wọlé.