Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ àti Etíkun Lẹ́kì: Ìtàn Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Wá Ibùdó

Ẹni tó bá dúró ní Awoyaya, lẹ́bàá ọ̀nà màrosẹ̀ Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, yóò rí i pé tírélà pọ̀ lójú títì. Èyí tó ru kọ̀ǹténà ń bọ̀ láti èbúté Lẹ́kì, ọkọ̀ epo ń bọ̀ láti ibi ìfọpo Dangote, èyí tó ru irin àti sìmẹ́ńtì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn wẹ́lídà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń jó irin pọ̀ láti fi ṣe géètì àti ìdúró táǹkì omi. Ọ̀nà yìí, tí ìjọba Lateef Jákàńdè bẹ̀rẹ̀ láàrin 1979 sí 1983, ló ṣí ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì sílẹ̀ fún ọkọ̀ ńlá.

Òwò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ etíkun yìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní oṣù Kejìlá 1851, Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: Kòsọ́kọ́ jọ̀wọ́ Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Palma, tó wà létí òkun, ni èbúté tirẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Palma àti Lẹ́kì mọ́ Èkó, ní 1863. Ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: ta ló ni èbúté, ta ni yóò sì jẹ nínú ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá? Ìbéèrè yìí kan náà ni a ó bá pàdé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ òde òní, títí kan èyí tó ń ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti mú iná mànàmáná jáde.

Ẹ̀rọ náà ní òpó irin gíga, orí tí ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú rẹ̀, àti abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ni wọ́n ń ká roboto, tí wọ́n ń jó pọ̀ di òpó. Abẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣe irin. Aṣọ fáíbà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ tẹ́ sínú mọ́ọ̀dù gbọọrọ, ìpele lórí ìpele, kí wọ́n tó fa oje tó ń gan sínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ọ̀kan. Ọwọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ yìí gbà jù, ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń du ilé-iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kan lè gùn ju 70 mítà lọ, títì wa kò sì lè gbà á ní gbogbo kọ̀rọ̀. Nítorí náà, etí èbúté ni ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá ilẹ̀.

Nàìjíríà ti ra ẹ̀rọ náà rí. Ní Lambar Rimi, Ìpínlẹ̀ Katsina, ilé-iṣẹ́ Vergnet ti ilẹ̀ Faransé gba iṣẹ́ láti to ẹ̀rọ 37, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kílówáàtì 275 wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi mẹ́gáwáàtì 10. Iṣẹ́ náà falẹ̀ gan-an. Ní oṣù Kejìlá 2012, àwọn agbébọn jí onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé kan gbé ní Rimi, ó sì tó oṣù mọ́kànlá kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Taiba N'Diaye ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ Vestas 46 ní 2020, iṣẹ́ yọrí dáadáa: mẹ́gáwáàtì 158 lé díẹ̀. Síbẹ̀, níbi méjèèjì, òkè òkun ni ẹ̀rọ ti wá, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ṣíṣe wọn sì dúró sí òkè òkun.

Ìlú Tangier ní Mòrókò yí ìtàn yìí padà. Ìjọba Mòrókò fẹ́ mẹ́gáwáàtì 850 láti inú afẹ́fẹ́. Dípò kí wọ́n ra ẹ̀rọ níye tó wà lọ́jà kí wọ́n sì lọ, wọ́n so iṣẹ́ náà mọ́ àdéhùn pé ẹni tó bá gbà á yóò ṣe apá kan rẹ̀ nílé. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Siemens wà lára àwọn tó gbà á. Ní oṣù Kẹwàá 2017, ilé-iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ ṣí ní Tangier, owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 100 yúrò, abẹ̀bẹ̀ ibẹ̀ sì gùn tó 63 mítà. Tanger Med, èbúté ńlá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ti wà nítòsí. Lójú tèmi, kókó ọ̀rọ̀ wà nínú bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra: èbúté kọ́kọ́ dé, iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ọdún tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ dé kẹ́yìn.

Ní Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹja pípa ni ìlú náà fi ń jẹun títí ó fi bàjẹ́ ní àwọn ọdún 1970. Ní 2014 ni Siemens kéde pé àwọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí Alexandra Dock. Ó ṣí ní oṣù Kejìlá 2016, ó sì mú nǹkan bí iṣẹ́ 1,000 wá. Ìjọba ìlú ti ń ṣètò láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà níṣẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ṣí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ kan tó gùn tó 75 mítà sí àárín ìlú kí gbogbo ènìyàn lè rí ohun tí ọmọ wọn fọwọ́ ṣe.

Kò yẹ kí a rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju agbára wa lọ. Òfin tí Adelé Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2010 ní kí àwọn elépo máa ṣe apá kan iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọkọ̀ ìfapo Egina, tó gùn tó 330 mítà, dé láti Kòríà ní oṣù Kìn-ín-ní 2018, ọgbà iṣẹ́ tó wà ní ibùdó LADOL, létí ẹnu òkun Èkó, ló gbà á. Mẹ́fà nínú àwọn ẹ̀yà òkè rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti to wọ́n mọ́ ọn. Epo Egina bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lópin ọdún náà.

Ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ní tirẹ̀, ilẹ̀ ni ìjọba kọ́kọ́ gbà. Ní 2006, Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà dá Lekki Free Zone sílẹ̀. Ìdá 60 nínú 100 jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà, ìyókù jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Lekki Worldwide Investments. Ètò náà nà dé bíi hẹ́kítà 16,500, oko ẹ̀gẹ́, ìdí àgbọn àti ibi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ní 2007, wọ́n bá àwọn ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe ìwé àdéhùn lórí owó gbà-má-bínú, ilẹ̀ tí wọn yóò kó lọ àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ará ìlú ti kígbe pé àdéhùn náà kò délé. Ní oṣù Kẹwàá 2015, ìfẹ̀hónúhàn kan le débi pé ọ̀gá àgbà Lekki Worldwide Investments pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ níbẹ̀. Ikú yìí dun gbogbo ẹni tó gbọ́, kò sì tọ́ kí ìtàn fò ó.

Èbúté Lẹ́kì, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, ibi ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún. Ọdún yẹn náà ni òfin iná mànàmáná tuntun fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣètò iná tiwọn. Afẹ́fẹ́ etíkun Èkó kò lágbára tó ti Katsina. Ẹni tó bá ń ṣe òpó tàbí abẹ̀bẹ̀ ní Lẹ́kì, ọkọ̀ òkun ni yóò fi gbé e lọ bá ẹni tó ní afẹ́fẹ́, bí Hull ṣe ń ṣe. Èbúté tó lè gbà á ti wà. Ẹni tí yóò ra ọjà náà lọ́pọ̀ ọdún ni kò tíì sí, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan sì gbọ́dọ̀ gba àwọn wẹ́lídà Awoyaya wọlé kí ilé-iṣẹ́ tó dé.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ tó ń fi ìró yẹ inú irin wò ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ojú ibi tí wọ́n jó dán mọ́rán. Lẹ́bàá títì ní Awoyaya, wẹ́lídà yóò jó ìdúró táǹkì tán, yóò ṣí gíláàsì dúdú kúrò lójú, yóò fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tẹ́tí sí i.