Eegun Ìbàdí Tó Di Oríkèé Àgbọ̀n

Lọ́dún 1969, tí ilé ìwòsàn UCH tó wà n'Íbàdàn ṣì wà ní ọmọ ọdún 12, Akinosi àti Williams tẹ ìwádìí jáde lórí amẹlobulasítómà, kókó àgbọ̀n tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn níbẹ̀. Kókó yìí kì í sábà dunni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú, ẹ̀yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Nítorí náà, mi ò gbà pé àìmọ̀kan ló ń dá àgbẹ̀ Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà ní agbègbè Ìbàdàn dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi tóbi: ohun tí kò roni, tí kò ní kéèyàn má gbé àdá lọ sóko, ta ni yóò tìtorí ẹ̀ ná owó iṣẹ́ abẹ? Àmọ́ bó bá pẹ́, ó lè jẹ eegun dé oríkèé iwájú etí. Bí wọ́n bá kàn ha á jáde, ó sábà máa ń padà hù, torí náà dókítà ní láti gé eegun tó yí i ká, nígbà mìíràn tòun ti orí oríkèé. Àgbọ̀n á wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmàlà á ṣeé gbé mì, àgbàdo sísun kò ní ṣeé jẹ.

Kí ni ká fi dípò eegun tí wọ́n gé? Láti 1920 ni dókítà Gillies ti kọ̀wé nípa lílo eegun ìhà. Ní 2003, Obiechina, Ogunlade, Fasola àti Arotiba kọ nípa eegun ìbàdí tí wọ́n fi ń tún àgbọ̀n ṣe n'Íbàdàn. Wọ́n lè gbẹ́ ẹ kó tẹ̀ bí àgbọ̀n, kí wọ́n sì fá ìpẹ̀kun rẹ̀ róbótó fún oríkèé. Àwọn kan ní eegun tí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, bíi ti ìbàdí yìí, máa ń kẹ̀, pé eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun, tí wọ́n ń gbé tòun ti iṣan rẹ̀, èyí tí dókítà Hidalgo lò fún àgbọ̀n ní 1989, ló dára jù. Òótọ́ ni bí àlàfo bá gùn, tàbí bí ìtànṣán ìtọ́jú jẹjẹrẹ bá ti jó ẹran ibẹ̀. Ṣùgbọ́n amẹlobulasítómà kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Wọn kì í sábà fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn dáadáa nínú ẹran tó yí i ká. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló lè gba eegun ìbàdí, bí wọ́n bá rán inú ẹnu pa dáadáa kí itọ́ má baà wọlé. Ẹlòmíràn á ní eegun ìbàdí kò ní eegun rírọ̀ lórí bíi ti ìhà. Fún ọmọdé tó ṣì ń dàgbà, mo gbà pé ìhà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè hù ju bó ṣe yẹ lọ. Àgbàlagbà kò nílò kí eegun hù mọ́, ìbàdí sì nípọn ju ìhà lọ. Nítorí náà, eegun ìbàdí kì í ṣe àfipò tí òṣì fà. Òun ló bá àìsàn wa mu, bí àlàfo náà bá kéré.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará Làgelú, Ẹgbẹ́dá àti gbogbo agbègbè wa, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí kò dunni, ẹ má dúró de ìrora kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín.