Òfin àti Ìkejì Rẹ̀: Ìtàn Oyè Méjì Láàárín Àwọn Agbẹjọ́rò Wa

Nígbà tí òfin òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Èkó, kò sí ẹni tí ó ń bi agbẹjọ́rò léèrè irú oyè yunifásítì tí ó gbà. Òfin ilé-ẹjọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1876 tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá mọ̀wé níwọ̀nba, tí ó sì lóye òfin díẹ̀, láti máa bá àwọn ènìyàn rojọ́, nítorí pé àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà dé ojú àmì kò tó nǹkan. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Sàró, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí wọ́n pè sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1879 ni èyí.

Ohun tí wọ́n ń béèrè ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà yóò ya ẹni tí kò mọ àṣà ibẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí yóò di agbẹjọ́rò ní láti wọ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Inns of Court, kí ó yege nínú ìdánwò wọn, kí ó sì máa jẹun alẹ́ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iye ìgbà tí wọ́n là sílẹ̀. Bí ó ti wù kí ènìyàn mọ òfin tó, bí kò bá jẹ oúnjẹ náà pé, wọn kò ní pè é. A kò sì lè jẹ ẹ́ láti Ìkẹ́nnẹ́ tàbí láti Adó-Èkìtì. Orí oúnjẹ yìí ni ọ̀rọ̀ oyè méjì dá lé.

Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1858 fún ẹni tí kò tilẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ sí ọgbà rẹ̀ rí. Ènìyàn lè jókòó sí ilé rẹ̀, kí ó máa gba ẹ̀kọ́ nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Nípa bẹ́ẹ̀, oyè kan wà tí a lè kàwé fún lábẹ́ àtùpà nínú yàrá ẹni, iṣẹ́ agbẹjọ́rò sì wà tí ọwọ́ kò lè tẹ̀ láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ olówó a máa wọkọ̀ lọ tààrà. Ọmọ tálákà a gba oyè ilé ná, a sì máa tọ́jú owó ọkọ̀. Kì í ṣe fáàrí ni ó kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oyè méjì, àìlówó ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley ní Ìbàdàn, ó kọ́ iṣẹ́ ìwé-ìròyìn, ó ra irè oko, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, ó sì jẹ gbèsè. Láàárín gbogbo làálàá yìí ni ó ń kàwé fún oyè B.Com. ti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ó gbà ní ọdún 1944. Kò ṣòro láti rí bí ẹ̀kọ́ ìṣòwò ṣe bá ìgbé ayé rẹ̀ mu: ẹni tí òwò ti gbé ṣubú rí yóò fẹ́ mọ ohun tí ó ń ti iye owó ọjà sókè sódò. Ìgbà tí ó fi wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó ti di ẹni ọdún márùn-ún-dín-lógójì, ó ti láya, ó ti bímọ. Ìyàwó rẹ̀, H.I.D., ni ó fi òwò bọ́ ilé títí ó fi padà. Ní ọdún 1946, ó gba LL.B., wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Inner Temple.

Àwọn tí ó ń sọ pé òfin ni ó sọ Awólọ́wọ̀ di ẹni ńlá a máa gbàgbé B.Com. yìí. Òfin fún un ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ àti níwájú òyìnbó amúnisìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìbéèrè tí àwọn alátakò ń bi í ni pé níbo ni owó yóò ti wá, ìbéèrè náà kì í sì í ṣe ti agbẹjọ́rò. Bákan náà ni ó rí láti ọdún 1967 títí di 1971, nígbà tí ó jẹ́ Kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná owó ní ìjọba àpapọ̀, tí ogun abẹ́lé ń jẹ owó ìlú bí iná ti ń jẹ koríko gbígbẹ.

Ọ̀nà Táslìmù Ọláwálé Elias fara jọ èyí, ṣùgbọ́n ibi tí ó já sí yàtọ̀. Láti ọdún 1935, ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì olùṣírò owó àgbà ti Rélùwéè Nàìjíríà, ibẹ̀ ni ó sì ti yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ fún B.A. àti fún LL.B. pọ̀. Ó gba B.A. ní 1944, ó gba LL.B. ní 1946, ó di agbẹjọ́rò ní 1947, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní 1949.

Kí á tó mọ ohun tí ìmọ̀ gbígbòòrò yìí wúlò fún, ó yẹ kí á rántí ẹjọ́ kan. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá lọ́wọ́ Àmọ́dù Tíjánì, Olóyè Olúwa ti Èkó. Ìjọba ní kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀, pé àṣẹ díẹ̀ lásán ni ó ní lórí rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay, tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti wíwọn ilẹ̀, tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, sì bá Olóyè náà lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ náà dá Olúwa láre: wọ́n gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo ẹbí àti ará ìlú lábẹ́ àṣà, àti pé ẹ̀tọ́ kíkún ni kí a san lórí rẹ̀. Kò sí ojú ewé kan nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè kọ́ agbẹjọ́rò ní ohun tí ẹbí ń pè ní ilẹ̀ baba wọn. Irú òkùnkùn yìí ni Elias tan ìmọ́lẹ̀ sí nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1951. Ó di Mínísítà fún ètò òfin ní 1960, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 1972, àti Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague láti 1982 títí di 1985.

Bọ́lá Ìgè yan èdè Gíríìkì àti ti Látìnì ní Ìbàdàn kí ó tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí yóò ní ẹ̀kọ́ náà ṣòfò. Afẹ́ Babalọlá, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ní Adó-Èkìtì, fi ìwé ìfiránṣẹ́ gba oyè nínú ètò ọrọ̀-ajé ní tirẹ̀ kí ó tó gba ti òfin ní 1963.

Ọdún 1963 yìí náà ni ọ̀nà yí padà. Ìgbìmọ̀ Unsworth ti sọ ní 1959 pé àwọn agbẹjọ́rò tí ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ kò mọ òfin ìbílẹ̀ wa, àti pé kí oyè òfin láti yunifásítì di ọ̀ranyàn. Nsukka bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní òfin ní 1961. Èkó, Ifẹ̀ àti Zaria tẹ̀ lé e ní 1962. Ní oṣù kìíní 1963, Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà ṣí ní Èkó. Oúnjẹ alẹ́ náà bá wọn wálé, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ẹni tí ó bá ti ní oyè mìíràn a máa lo ọdún mẹ́rin dípò márùn-ún fún LL.B.; àwọn mìíràn sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì nínú oyè kan ṣoṣo, bí ó ti rí ní Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí òfin Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ìsìláàmù ti jọ ń rìn. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣàríyànjiyàn púpọ̀ lórí ohun tí a lè fi kún òfin, nítorí pé ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 là fún ẹni tí yóò jẹ́ Kádì ní Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà ni pé kí ó ti ṣe agbẹjọ́rò fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, kí ó sì ní ìwé-ẹ̀rí nínú òfin Ìsìláàmù pẹ̀lú.