Ilé-Ìkàwé Aládàáni àti Ìtàn Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ọ̀nà Títò Ìwé àti Ṣíṣe Àkọsílẹ̀ Wọn

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé tí ètò rẹ̀ kò sí níbòmíràn ju inú orí ẹni tí ó ni ín. Olùkọ́ tí ó ti ń ra ìwé láti ogójì ọdún mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ó mọ̀ pé àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn lẹ́tà àtijọ́ wà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ni ìwé ìtàn ìlú fara pamọ́ sí. Lọ́jọ́ tí ó bá papò dà, ìmọ̀ yìí bá a lọ sí ibojì. Òkìtì ìwé ni ó kù fún àwọn ọmọ, àwọn mìíràn a sì tà á ní ìwọ̀n kílò fún aláàkàrà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìgbà tí a ti dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ ní ọdún 1913 ni àwọn olùkọ́, àlùfáà, akọ̀wé àti oníṣòwò tí ó mọ̀wé ti ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà. Àwọn ààfáà pẹ̀lú ní ìwé Lárúbáwá nílé. Pépà yìí ṣe àyẹ̀wò ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìwé àwọn ènìyàn ńlá kan rí, ó sì fi èyí ṣe àlàyé ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà to ilé-ìkàwé kékeré tí ó ti di rúdurùdu, kí ó sì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀.

2.0 Ìdí tí ìwé inú ilé fi ṣe pàtàkì

Púpọ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé pélébé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ náwó sí. D. O. Epega tẹ Iwe Itan Ijebu ati Awọn Ilu Miran jáde ní ọdún 1919, M. B. Okubote sì tẹ Iwe Ikekuru ti Itan Ijebu jáde ní ọdún 1937. Òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún olùtẹ̀wé ní Nàìjíríà láti fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn kò wáyé títí di ọdún 1950. Ilé-ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 1964. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìwé tí ó jáde ṣáájú 1950 kò ní ibùgbé kan tí òfin yàn fún un. Bí ó bá ṣẹ́ kù lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé orí pẹpẹ ẹnì kan ni ó wà.

Ìtàn The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ fi ewu tí ó wà níbẹ̀ hàn. Ní 1899 ni a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan, ó sì sọnù. Johnson kú ní 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún ìwé náà kọ. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, èyí tí ń jẹ́ Appam, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kì í bá ṣe pé àwọn àkọsílẹ̀ inú ilé wà nípamọ́, ìwé tí gbogbo onímọ̀ ìtàn Yorùbá ń tọ́ka sí kì bá tí sí rárá.

3.0 Ìwé Henry Carr: láti Èkó dé Ìbàdàn

Henry Carr, tí a bí ní Èkó ní 1863, kàwé ní Fourah Bay College, ó di alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, ó sì di Résídẹ́ǹtì fún Kólónì Èkó láti 1918 sí 1924. Ìwé ni ó fi owó rẹ̀ kó jọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1945, ìwé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà á. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ìwé Carr wà lára ìpìlẹ̀ tí ilé-ìkàwé ibẹ̀ dúró lé lórí. John Harris, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí ilé-ìkàwé náà, lo ìlànà ìpínsísọ̀rí tí Henry Bliss ará Amẹ́ríkà ṣe. Nígbà tó yá ni a yí i padà sí ti ilé-ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní ni pé ríra tí a ra ìwé náà lódidi ni kò jẹ́ kí ó fọ́nká. Èkejì ni pé bí a bá da ìwé ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, àkọsílẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó ni èwo. Àpẹẹrẹ èyí hàn kedere ní Ìbàdàn kan náà. Alátakò Carr nínú òṣèlú ni Herbert Macaulay, ẹni tí ó tẹ ìwé pélébé Henry Carr Must Go jáde ní 1924. Macaulay kú ní 1946, àwọn ìwé rẹ̀ sì dé ilé-ìkàwé kan náà. Nítorí pé a ya lẹ́tà àti ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ ẹni tí ó ni ín, onímọ̀ lè ka ẹjọ́ àwọn méjèèjì láti ẹnu oníkálukú wọn.

4.0 Ìkẹ́nnẹ́: ìwé tí kò kúrò nílé

Ọ̀nà mìíràn ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (1909 sí 1987). Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, tí í ṣe ìlú rẹ̀, ni ìwé rẹ̀ wà, nínú ilé-ìkàwé tí a fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè ní Sopolu. Àǹfààní èyí ni pé ìwé náà kò kúrò láàárín àwọn tí ó mọ ìtàn rẹ̀. Ìnira rẹ̀ ni pé ìdílé gbọ́dọ̀ máa gbé ẹrù ìtọ́jú rẹ̀ láti ìran dé ìran. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ni ó ní agbára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yálà ìwé yóò dúró nílé ni, yálà yóò lọ sí yunifásítì ni, àkọsílẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

5.0 Ìgbésẹ̀ títò àti àkọsílẹ̀

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí a má ṣe ṣí ohunkóhun nípò. Kí a ya àwòrán yàrá náà, kí a fún pẹpẹ, àpótí àti òkìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ipò tí ìwé wà jẹ́ ẹ̀rí: lẹ́tà tí a bá láàárín ìwé ìtàn lè jẹ́ ìdáhùn sí ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Láti ọdún 1841 ni àwọn aṣọ́wèé ìjọba ní ilẹ̀ Faransé ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé ìwé tí ó ti ibì kan wá kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Ìlànà náà wúlò nínú pálọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò ní Paris.

Ìgbésẹ̀ kejì ni yíya oríṣìí sọ́tọ̀: ìwé títẹ̀, lẹ́tà, ìwé ìròyìn, fọ́tò. Ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ àti ìwé ìpàdé regbéregbé kì í ṣe pàǹtí. Ọjọ́ ìbí, orúkọ ìdílé àti oyè tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan lè wà nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni fífún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan. Pẹ́ńsù ni kí a fi kọ ọ́, nítorí báírò kì í parẹ́. Bí ìwé bá tó 800, tí ẹnì kan sì ń ṣe 20 lóòjọ́, ogójì ọjọ́ ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ilé-ẹ̀kọ́ kan tó o.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni káàdì. Kí orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, nọ́ńbà àti ibi tí ìwé wà hàn lórí rẹ̀. Kí a sì fi ohun tí ẹni tí ó ni ín kọ sí etí ìwé kún un. Ẹ̀dà méjì ni kí a ṣe nínú ìwé nọ́ńbà náà, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Fóònù tí ó ń ya fọ́tò àti kọ̀ǹpútà ti mú èyí rọrùn. Ẹ̀yìn èyí ni kí a tó gbọn eruku, kí a wá ikán kiri, kí a sì gbé pẹpẹ kúrò lára ògiri tí ó ń rin.

6.0 Ìṣòro àkọtọ́ àti ìsọ̀rí

Olùkọ́ Yorùbá yóò bá ìṣòro méjì pàdé. Àkọ́kọ́ ni àkọtọ́. Ìpàdé Èkó ti 1875 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ti yí ọ̀rọ̀ padà: aiye ti di ayé, enia ti di ènìyàn. Kí a kọ àkọlé bí ó ti wà lára ìwé, kí a sì ṣe káàdì kejì tí yóò tọ́ka láti àkọtọ́ òní sí i. Bákan náà ni Sopolu àti Shopolu jẹ́ orúkọ kan. Káàdì gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀. Nínú títò lẹ́sẹẹsẹ, Gb ń bẹ lẹ́yìn gbogbo G, Ẹ lẹ́yìn E, Ọ lẹ́yìn O, Ṣ lẹ́yìn S. Ìlànà tí a bá yàn ni kí a kọ sí ojú ewé kìíní.

Èkejì ni ìsọ̀rí. Ìlànà tí Melvil Dewey gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1876 fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà ẹ̀sìn, láti 220 sí 289, fún Bíbélì àti ẹ̀sìn Kírísítì. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù wà ní 297, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà sì há sínú 299.6. Nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú tí ìwé Ifá, Kùránì àti Bíbélì wà pọ̀, irú ìpín yìí kò bá a mu. Kò sí òfin tí ó ní kí ilé-ìkàwé kékeré lo nọ́ńbà Dewey. Ìsọ̀rí mẹ́wàá tí ó bá ìwé tí ó wà nílẹ̀ mu, tí a ṣàlàyé rẹ̀ kedere, sàn ju ìlànà ńlá tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè tẹ̀ lé lọ.

7.0 Ìkádìí

Ìtàn Carr, Johnson àti Awólọ́wọ̀ fi hàn pé ìwé inú ilé lè di ogún gbogbo ènìyàn, ó sì lè ṣègbé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àsìkò tí ó dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí ẹni tí ó ni ìwé ṣì wà láàyè, tí ó lè jókòó lórí àga kí ó máa dáhùn ìbéèrè. Ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi títo ilé-ìkàwé kan ní agbègbè wọn ṣe iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti ti ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ iṣẹ́, ìdílé yóò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn, ìtàn Ìjẹ̀bú yóò sì ní ibi tí a ti lè wá a rí.