Lálúpọn: Téṣàn tí Kòkó Gbé Dìde

Bí a bá dárúkọ téṣàn Lálúpọn, ìjàmbá ọkọ̀ ojú irin 1957 ni ọ̀pọ̀ àgbà máa ń rántí. Ìtàn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1901 ni ojú irin Èkó wọ Ìbàdàn. Nígbà tó di 1907, ó ti gba Lálúpọn ní Lágelú kọjá dé Òṣogbo. Kòkó àti ẹ̀pà ni ìjọba amúnisìn ń fẹ́ kó dé etíkun, kì í ṣe ará abúlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí lọ́rì gba ẹrù, téṣàn dákẹ́.

Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 parí sí Mọ́níyà, ní Akínyẹlé. Ẹ jẹ́ ká béèrè: ṣé ti àgbẹ̀ ni èyí náà?